Akíntọ́lá takú: bí koríko ṣe wọ oko ẹ̀gẹ́ wa, àti ìdí tí kò fi fẹ́ lọ

 

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àwa òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn jù ni pé, "Oògùn wo la lè fín sóko ẹ̀gẹ́ tí koríko ò fi ní padà wá mọ́?" Ìbéèrè yẹn dáa, a ó sì débẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn lónìí. Tí a bá mọ bí koríko ṣe wọlé, tí a sì mọ ohun tí àwọn baba wa fi ń kápá ẹ̀ kí nǹkan ọ̀hún tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó máa yé wa ìdí tí owó ìroko fi ń jẹ èrè oko. Ó sì máa yé wa ibi tó yẹ ká ná owó náà sí.

EWÉ TÓ Ń JẸ́ ORÚKỌ OLÓṢÈLÚ

Ewé kan wà tí kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Tí ẹ bá fi oko sílẹ̀ fún ọdún kan péré, òun lẹ máa bá níbẹ̀. Ó ń ga ju èèyàn lọ, ẹ̀ka ẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra wọn, tí ẹ bá fọwọ́ ra ewé ẹ̀, òórùn ẹ̀ á jáde. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á yọ òdòdó wẹ́wẹ́, irúgbìn ẹ̀ á sì máa fò nínú atẹ́gùn bí òwú. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní Akíntọ́lá, tàbí Akíntọ́lá takú. Àwọn ibòmíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Chromolaena odorata ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò mọ ìdí orúkọ yẹn, ẹ gbọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kéde pé òun ti yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò nípò Prẹ́míà. Olóyè ní òun ò lọ síbì kankan. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé aṣòfin n'Íbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù yẹn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá ti padà sórí àga. Àgbẹ̀ wo koríko tó ro lánàá tó tún ti hù lónìí, ó ní: èyí náà takú.

Àwa nìkan kọ́ la ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ghana, Acheampong ni wọ́n ń pe ewé kan náà, orúkọ ológun tó ṣèjọba lé wọn lórí láti 1972 sí 1978.

Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ń sọ nǹkan fún wa. Ẹ̀kan ní orúkọ tó ti wà látayébáyé. Yúnyun náà ní. Ṣùgbọ́n èyí, láyé àwọn òbí àti òbí àgbà wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ. Àlejò ni.

Ibo ló ti wá? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun ẹ̀. Àwọn òyìnbó gbé e lọ sí India ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbìn ín sínú ọgbà, ó sì jáde nínú ọgbà lọ sí ìgboro. Ó tàn káàkiri Éṣíà títí dé Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1937, wọ́n kó irúgbìn igi Gmelina, èyí tí àwọn onípákó ń pè ní mẹláínà, láti Ceylon wá sí Nàìjíríà láti fi gbin igbó ìjọba. Ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ rí fi hàn pé irúgbìn koríko yìí há sáàárín irúgbìn igi náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá. Wọn ò kàn fẹ́ irúgbìn náà mọ́ ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ pàápàá, àlejò ni. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí ti gbé e láti Brazil wá sí etí òkun Áfíríkà. Àmọ́ ó pẹ́ kó tó di oúnjẹ gidi lọ́dọ̀ wa, torí májèlé wà nínú ẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń rin ín, bí wọ́n ṣe ń fún omi ẹ̀ dànù, bí wọ́n ṣe ń yan án, kó tó ṣe é jẹ. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé sí Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ gàrí káàkiri.

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni ẹ̀gẹ́ àti Akíntọ́lá. Ọ̀kan gba orí òkun wá tààrà. Èkejì gba India àti Ceylon yípo ayé kó tó wá bá a nínú oko wa.

NÍGBÀ TÍ ÌBÒJI Ń BÁ WA ROKO

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń dáko. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á sun ún, wọ́n á kọ ebè. Iṣu ló máa ń kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ tuntun, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ á tẹ̀lé e. Ẹ̀gẹ́ ló máa ń kẹ́yìn, nígbà tó bá ti rẹ ilẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀gẹ́, wọ́n á kúrò níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igbó á padà. Ẹ̀gẹ́ tó kù níbẹ̀ á máa bá igi dàgbà, wọ́n á sì máa lọ wú u díẹ̀díẹ̀ bí oúnjẹ bá wọ́n nílé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò kíyè sí ni pé lásìkò ìsinmi yẹn, iṣẹ́ ń lọ. Igi á ga, ewé wọn á pàdé lókè, abẹ́ ẹ̀ á ṣókùnkùn. Koríko tó fẹ́ràn oòrùn ò ní rí àyè hù. Púpọ̀ nínú irúgbìn ẹ̀ á jẹrà sínú ilẹ̀, kòkòrò á jẹ òmíràn. Ẹ̀kan tó le tó yẹn, abẹ́ ìbòji ló ń kú sí. Nígbà tí àgbẹ̀ bá fi máa padà síbẹ̀, ìroko ò ní pọ̀ fún un.

Ìbòji ni oògùn apakoríko àkọ́kọ́ tí a ní. Ọkọ́ kàn ń parí iṣẹ́ tí ìbòji ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọwọ́ tó ń di ọkọ́ mú náà sì pọ̀. Àwọn ọkùnrin ń ṣe àáró, wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ìwọ̀fà wà, tó ń fi iṣẹ́ oko san èlé gbèsè. Àwọn ọmọ wà nílé, tí wọ́n ń bá bàbá wọn roko kí oòrùn tó mú.

NÍGBÀ TÍ GÀRÍ DI OWÓ

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí ìlú ń tóbi. Nígbà ogun àgbáyé kejì, oúnjẹ wọ́n l'Ékòó débi pé ìjọba amúnisìn fi ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Pullen ṣe alákòóso oúnjẹ, wọ́n sì fi òfin de iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta gàrí. Àwọn ìyá ọjà, lábẹ́ Alimotu Pelewura, ní àwọn ò gbà. Iye tí ìjọba dá kò tó owó tí àwọn fi ń rà á wá láti oko. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀ ń rí i pé ìjà iye gàrí kì í ṣe tòní.

Ohun tí ìjà yẹn fi hàn ni pé ẹ̀gẹ́ ti kúrò ní oúnjẹ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú igbó. Ó ti di ọjà. Nǹkan tó bá sì ti di ọjà, ọdọọdún lèèyàn fẹ́ gbìn ín. Kòkó ti gba ilẹ̀ tó dáa ní ọ̀pọ̀ ibi, ìlú ń fẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ń la oko kọjá. Ilẹ̀ tó ń sinmi fún ọdún 10 tẹ́lẹ̀ wá ń sinmi fún ọdún 3, nígbà tó yá, ọdún kan. Ibi tó kù díẹ̀ fún igi kó ga ni a ti tún ń ṣán an. Akíntọ́lá ò sì bẹ̀bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsinmi kúkúrú yẹn gan-an ló ń wá.

Àsìkò kan náà ni ọwọ́ tó ń roko ń dín kù. Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ bá gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé síléètì. Ẹ̀kọ́ dáa, kò sẹ́ni tó máa ní kò dáa, èrè ẹ̀ ni à ń jẹ tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe lóko, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbowó ẹ̀ báyìí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó epo rọ̀bì tún fa àwọn géńdé lọ sí Èkó. Àgbẹ̀ wá ń gba alágbàṣe láti Benue, láti Kútọnu, láti ibi tó bá ti rí wọn. Ìroko di nǹkan tí wọ́n ń sanwó fún.

Síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ń pọ̀ sí i. Wọ́n dá IITA sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967. Ní 1971, ọmọ Korea kan, Sang Ki Hahn, débẹ̀ láti wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn ò ní lè bá jà. Ẹ̀gẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú jáde, bíi TMS 30572, ta dáadáa débi pé ìlú Ìkirè fi í joyè Sérìkí Àgbẹ̀. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, tí náírà wálẹ̀, tí oúnjẹ òkè òkun sì gbówó lórí, gàrí ni ọ̀pọ̀ sá bá. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Nàìjíríà ti kọjá Brazil, ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti wá, nínú iye ẹ̀gẹ́ tí à ń wú. Ẹ̀gẹ́ pọ̀, ìsinmi ilẹ̀ ò sí, ọwọ́ ò tó. Àárín nǹkan mẹ́ta yìí ni koríko ti rí àga jókòó.

ẸNI TÓ KỌ̀ Ọ́ TẸ́LẸ̀ LÓ WÁ GBÀ Á

Ìtàn kan wà tí ẹni tó ní ẹ̀kan lóko gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ mọ yèrèpè tó ń yúnni lára? Ó ní ìbátan kan tí kì í yúnni, mùkúnà ni wọ́n ń pè é. Láti àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Moor Plantation n'Íbàdàn ti ń dán an wò, wọ́n ní kí àgbẹ̀ gbìn ín kó lè sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Àgbẹ̀ ò dá wọn lóhùn. Èwo ni ká fi odidi ilẹ̀ gbin ohun tí a ò ní jẹ, tí a ò sì ní tà?

Nígbà tí ọdún 1980 ń lọ sópin, wọ́n gbé mùkúnà yìí kan náà lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù Benin, níbi tí ẹ̀kan ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Torí pé kó mú ilẹ̀ lọ́ràá ni wọ́n ṣe mú un wá, ṣùgbọ́n ohun tí àgbẹ̀ rí ni pé ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló gbà á. Ewéko kan náà ni, ilẹ̀ ìbòji kan náà ló ń ṣe. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ sórí ohun tó ń dun àgbẹ̀.

Ẹ̀kan ò ṣeé fi ṣeré nínú oko ẹ̀gẹ́. Tí ẹ bá jó o, gbòǹgbò ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ láìfarapa, á sì kọ́kọ́ hù ṣáájú ohun gbogbo. Tí ẹ bá fi ọkọ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ègé kọ̀ọ̀kan lè di tuntun. Ẹnu ẹ̀ tó mú yẹn máa ń gún ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀, ibi tó bá gún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ká sòótọ́ fún Akíntọ́lá náà o. Òun pẹ̀lú máa ń ṣíji bo ẹ̀kan títí ẹ̀kan á fi lọ, ewé ẹ̀ tó ń jábọ́ sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Ẹni tó bá fi àdá gé ara ẹ̀ lóko mọ̀ pé wọ́n ń fi ewé ẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Àmọ́ tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ lọ́gbẹlẹ̀ fẹ́ràn òdòdó ẹ̀, iná ọ̀gbẹlẹ̀ sì máa ń ràn nínú igi ẹ̀ tó ti gbẹ. Kò burú tán, kò sì dáa tán.

NÍGBÀ TÍ IGÒ DÉ

Ọdún 1962, ọdún tí Akíntọ́lá takú, ni ilé iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta paraquat, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Gramoxone. Glyphosate tẹ̀lé e ní 1974. Fún ọdún pípẹ́, owó glyphosate ga ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ. Nígbà tí ẹ̀tọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín parí l'Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, pàápàá ní China, ń ṣe é pọ̀, owó ẹ̀ wálẹ̀, ó sì dé gbogbo ọjà oko. Ẹni tí kò rí alágbàṣe rí igò.

A ò ní sọ pé igò ò wúlò. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò lè ṣe. Paraquat ń jó ewé nìkan, kì í dé gbòǹgbò ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi ń padà hù kíákíá. Ohun tó tún burú jù ni pé kò ní èrọ̀. Ẹnu kan péré lè pa èèyàn. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Bí ẹ bá ṣì rí i níbi kan, ẹ má rà á, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ike omi láéláé.

Glyphosate ń dé gbòǹgbò, àmọ́ kò mọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí koríko. Tó bá kan ewé ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ náà á jìyà. Kí ẹ tó gbìn ni ìgbà tiẹ̀. Lẹ́yìn tó bá sì pa koríko tán, ilẹ̀ á ṣófo gbalaja, oòrùn á máa kàn án, irúgbìn tó wà nísàlẹ̀ á gbọ́ pé ọ̀nà ti ṣí.

Ìdáhùn ìbéèrè yín wá rèé: kò sí oògùn tí koríko ò ní padà lẹ́yìn ẹ̀. Oògùn ń ra àkókò fún yín ni. Ohun tó ń ṣẹ́gun koríko ni ìbòji, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ lo àkókò tí ẹ rà yẹn láti mú ìbòji wá.

Ní 2014, IITA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lórí koríko oko ẹ̀gẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀yọ́, Abia àti Benue. Oògùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn retí pé wọ́n máa bá jáde. Wọ́n bá oògùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi sáàárín mímọ ilẹ̀, mímọ koríko tó wà níbẹ̀, títún ilẹ̀ ṣe dáadáa, àti fífi àyè tó yẹ sáàárín igi ẹ̀gẹ́. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni wọ́n fi nọ́ńbà sí.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ FI LÉ WA LỌ́WỌ́

1. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ogun wà. Ẹ̀gẹ́ kékeré ò lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ro ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ padà ní ọ̀sẹ̀ 8, ẹ tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ 12. Owó tí ẹ bá ná lóṣù kìíní sàn ju ìlọ́po ẹ̀ lóṣù kẹfà lọ.

2. Ẹ gbìn ín kí ewé lè pàdé. Mítà 1 sí mítà 1 máa fún yín ní nǹkan bí igi 4,000 lórí éékà kan. Mítà 1 sí sẹ̀ǹtímítà 80 máa fún yín ní nǹkan bí 5,000. Ẹ̀gẹ́ tó ń tètè ya ẹ̀ka nísàlẹ̀ ń bo ilẹ̀ ju èyí tó ga tíńrín lọ.

3. Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀. Ó ń fà nílẹ̀, ó ń bo ilẹ̀ ní àsìkò tí ẹ̀gẹ́ ò tíì lè bò ó, ẹ ó sì tún rí nǹkan tà.

4. Tí ẹ̀kan bá ti gba ilẹ̀, ẹ má fi ẹ̀gẹ́ jà á. Ẹ fi sáà kan gbin mùkúnà, tàbí kí ẹ fín glyphosate sí i nígbà tí ewé ẹ̀ ṣì tutù tó ń dàgbà, kí ẹ dúró kó kú kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

5. Ẹ gé Akíntọ́lá kí òdòdó ẹ̀ tó so. Ewé tí ẹ bá gé, ẹ jẹ́ kó bo ilẹ̀, ẹ má jó o.

6. Ẹ rántí irúgbìn Ceylon. Katakata tó ń bọ̀ láti oko ẹlòmíràn, àpò tí wọ́n fi di igi ẹ̀gẹ́ wá, ẹ gbọn wọ́n, ẹ fọ̀ wọ́n. Bí koríko tuntun ṣe ń wọ ìlú nìyẹn títí dòní.

7. Ẹ ka ohun tó wà lára igò kí ẹ tó pò ó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wọ bàtà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra oko ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ yín rèé. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro lánàá lè tàn yín jẹ. Ẹ bi olóko nígbà tó ro ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wú ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò láti àárín oko, kì í ṣe ní etí ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ tí koríko ti fìyà jẹ lóṣù kejì, bí wọ́n bá ro ó mọ́ tónítóní lóṣù kẹwàá, ohun tó ti bọ́ ti bọ́.

Ilẹ̀ kò ní sinmi fún ọdún 10 mọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, ìyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n ìbòji tí ìsinmi yẹn ń fún wa, a ṣì lè fi ọwọ́ ara wa gbìn ín.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa: kí ni wọ́n ń pe Akíntọ́lá ní àdúgbò tiyín, kí sì ni àwọn àgbà sọ pé ó fà á? Ire oko á jẹ́ ti gbogbo wa. Ọkọ́ ò ní ṣá wa lẹ́sẹ̀ o.